Owú Kò Mọ̀ Ọ́n

Ní Ṣómólù, ní òpópónà tí bébà ti ń fò bí lékèélékèé,
ẹ̀rọ mi wà láàárín ẹni tó ń tẹ káàdì ìsìnkú
àti ẹni tó ń gé etí kàlẹ́ńdà.
Irin pẹlẹbẹ méjì ni, bí ẹnu ọ̀nì.
Bí iná bá wọ̀ ọ́, á gbóná dé igba dígírì;
bí mo bá pa á dé, ẹnu ni mo fi ń ka ọgọ́ta,
nítorí aago ara rẹ̀ ti kú láti ìgbà òjò èṣí.

Íǹkì tí mo ń lò, ìwà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀:
bí ooru bá mú un, kì í yọ́, kì í ṣàn,
kì í yà sọ́dọ̀ omi rárá.
Láti orí bébà ló ti ń di èémí,
tó ń wọ aṣọ lára.
Ṣùgbọ́n pọ́lístà nìkan ló ń ṣílẹ̀kùn fún un.
Owú á fi í jókòó sí ìloro
títí omi àkọ́fọ̀ yóò fi dé,
á wá ní, "N ò mọ ẹni yìí."

Ohun tí mo rò fún Màmá Ìbíwùmí nìyẹn,
nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá láti Bárígà.
Ó tú náílọ́nù dúdú, ó fa bùbá funfun kan yọ,
owú tí a ti fọ̀ títí tó fi rọ̀ bí etí ọmọ tuntun.
Bùbá ọkọ rẹ̀. Ó ṣí fọ́tò nínú fóònù:
bàbá kan tó dé fìlà, àpá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì
níbi tí ẹ̀ka máńgòrò ti ya á.
"Àyà ni kí o fi í sí, kó máa wò mí."

Mo ní, "Mọ̀mí, owú ni. Kò ní dúró."
Mo fi jẹ́sì bọ́ọ̀lù hàn án: ẹ fọ̀ ọ́ lọ́gọ́rùn-ún ìgbà,
nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní mì.
Ó fọwọ́ kàn án, ó yọwọ́.
"Èyí ń yọ̀ bí ẹja. Ọkọ mi kì í wọ ẹja."

Ọ̀gá mi, Gàníyù, kígbe látẹ̀yìn: "Fín oògùn sí i!"
Oògùn kan wà nínú ike, a máa ń fín in sówú lára
kí owú lè rò pé pọ́lístà lòun.
Mo fín in sí àkísà kan, mo tẹ òdòdó sí i.
Àwọ̀ rẹ̀ dán, ó mú;
àkísà náà le gbagidi bí páálí bàtà.
Màmá gbé e sẹ́rẹ̀kẹ́.
"Ojú rẹ̀ á dúró?"
"Á dúró."
"Ara rẹ̀ ńkọ́?"

N kò rí èsì fún un.
"Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Má fín nǹkan kan."

Mo ka dé mẹ́tàlélógójì, iná lọ.
Mo di irin mú, mo ń bẹ ooru tó ṣẹ́ kù.
Nígbà tí mo ṣí i, Bàbá ti yọ,
ṣùgbọ́n ó ṣá, bí ẹni tó dúró sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.
Màmá san owó pé. Kò yọ kọ́bọ̀.

Ó tó oṣù méjì kó tó tún yà.
Mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu.
Ó tẹ́ bùbá sórí tábìlì: funfun báláú,
àfi etí kan, àti ohun tó jọ ìṣẹ́po fìlà.
"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fọ̀ ọ́. Ẹnu ló kọ́kọ́ lọ,
lẹ́yìn náà, ojú. Bó ṣe lọ ní ọsibítù náà nìyẹn:
ọ̀rọ̀ tán, kò wá dá wa mọ̀ mọ́.
Etí ló gbẹ̀yìn. Mo bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́."

"Ṣé kí n tún un tẹ̀?"
Ó mi orí, ó ká a. Ó ṣì rọ̀; ó wọ inú báàgì pẹ́kí.

Bébà tó bá ti fún aṣọ lójú,
òjìji díẹ̀ máa ń kù sí i lára.
Ti Bàbá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, lórí ìṣó,
àpá òsì ti bọ́ sí ọ̀tún, bí ẹni ń wo dígí.
Mo fẹ́ fún un lọ́jọ́ yẹn. Mo ti nawọ́ sí i
kí ẹnìkan tó kígbe láti ẹnu ọ̀nà
pé jẹ́sì òun ńkọ́.