Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ló Ṣẹ́kù

Òjò àkọ́rọ̀ ni, ní Ìkéré, kò tilẹ̀ pẹ́.
Ìjì jáde láti ẹ̀yìn Olósùnta,
ó gba orí oko kòkó, ó wọ Ùró,
ó ká páànù ilé Tíṣà Fátúrótì
bí ẹni ká ẹní lẹ́yìn àlejò.
Páànù mẹ́rìnlélógún. Mo wá wọn kiri láàárọ̀:
méjì lórí igi àgbálùmọ̀ Ìyá Ọ̀ṣúntúyì,
ọ̀kan nínú kòtò, ó ká po bí ìwé,
ìyókù, ẹ bi ará Àfàò léèrè.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù tó ní orí.
Ibẹ̀ la bá a, lórí àga onírin,
ó wọ súwẹ́tà, ó ń bó ẹ̀pà.
A ti gbé ẹkún dání wá;
ó kí wa dáadáa, kò gbà á lọ́wọ́ wa.
"Ulé ni," ó ní. "Mo ti mọ̀ látijọ́ pé ulé ni.
Mi ò fìgbà kan pè é ní egungun mi."

Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí.
Ní kíláàsì kẹrin, nígbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú,
tó jẹ́ ẹfun pátákó nìkan ló ń sọ ọ́ di funfun,
ó sọ fún wa nípa àwọn àgbà Gíríìkì kan
tí wọn kò kọ́ gbọ̀ngàn, tí wọn kò lu agogo,
ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ara wọn láyé.
Ó fa ìlà kan sáàárín pátákó:
apá kan, ohun tó wà níkàáwọ́ ẹ;
apá kejì, òjò, ọba, ikú, ẹnu ará àdúgbò.
Adélúsì béèrè láti ẹ̀yìn:
"Sà, owó oṣù yín ńkọ́?"
A rẹ́rìn-ín títí ojú wa fi ṣomi.
Oṣù keje nìyẹn tí ìjọba kò sanwó.
Òun náà rẹ́rìn-ín, ó kọ "owó oṣù" sábẹ́ òjò.

Ó ti fẹ̀yìntì báyìí, ó pé ọdún mọ́kànlá.
Owó ìfẹ̀yìntì ṣì wà lábẹ́ òjò.

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní: "Bàbá, ọkàn yín le bí òkè."
Ó wo Olósùnta lókèèrè, ó pẹ́ kó tó fèsì.
"Òkè ò fẹ́yàwó, òkè ò sìnkú.
Ẹ má fi mí wé òkúta.
Òkúta ò ní sùúrù; kò ríbi lọ ni."

Ìgbà náà ni Mofẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀, jáde láti yàrá
pẹ̀lú ìwé kékeré kan tó ń kán tótó,
ìwé tí Eyítáyọ̀ fi ń kọ gbèsè iṣu
kó tó di ẹni tí à ń fi àwòrán rántí.
Tádàá ti ṣàn. Gbogbo àwọn ajigbèsè ti di omi aró.
Tíṣà ṣí ewé kan, ó ṣí òmíràn,
ó ń wá "ṣ" aya rẹ̀, tó máa ń kọ́ bí ìwọ̀ ẹja.
Ètè rẹ̀ gbọ̀n. Ẹ̀pà dà sílẹ̀.
Ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sọ́jà,
a ò sì mọ ibi tí a ó gbé ojú wa sí.

Nígbà tó yá, ó fa etí súwẹ́tà, ó nu ojú.
"Omi yìí," ó ní, "kò sí níkàáwọ́ mi.
Nínù rẹ̀ ni tèmi."
Ó tẹ́ ìwé náà sórí páànù tí oòrùn ti ń mú,
ó fi òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin tẹ igun rẹ̀,
ó wá kọjú sí mi:
"Lọ bá Ìyá Ọ̀ṣúntúyì, tọrọ àkàbà.
Kó o tó gùn ún,
kọ́kọ́ bi í bóyá igi rẹ̀ kò fara pa."