Kòkó àti Kókó

Wọ́n lẹ̀ ìwé kan mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò,
lábẹ́ ìkéde ẹni tó ń ta firíìjì àlòkù:
Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínrìnmádé ń wá ẹni mẹ́ta
tí yóò fi ọdún mẹ́rin wádìí kókó inú ọpọlọ.
Owó oṣù wà, kò pọ̀.
Oyè ọ̀mọ̀wé ń bẹ níkẹyìn, bí ẹ̀mí bá wà,
bí iná bá wà.
(Èmi ni mo fi ti iná kún un.)

Ní kíláàsì kẹrin, Tíṣà Adégòrótì nà mí
torí mo ya ọ̀pọ̀lọ́ níbi tó ní ká ya ọpọlọ.
Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohùn lè pa ènìyàn lẹ́kún.
Ní oko wa lẹ́yìn Ìta-Ògbólú
kòkó ló san owó ilé-ìwé mi,
kókó ló wọ orí Bàbá mi
bí ayálégbé tí kò san kọ́bọ̀,
tó wá ń wó ògiri kí yàrá rẹ̀ lè fẹ̀ sí i.

Orí fífọ́ la kọ́kọ́ rí. A ní oòrùn ni.
Ó gbàgbé ibi tó fi àdá sí, a rẹ́rìn-ín.
Ó fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pè mí,
a ò rẹ́rìn-ín mọ́.
Àwọn kan ní ayé ni. Àwọn kan ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje.
Ó gbà á pé méje.
Lọ́jọ́ kẹjọ, ojú òsì rẹ̀ kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru.

Ní Oǹdó, dókítà gbé àwòrán náà síwájú iná:
ohun funfun kan, ó rọra jókòó sí àárín,
bí hóró kòkó tútù.
Bàbá mi tẹjú mọ́ ọn. Ó ní,
"Hóró kan péré? Ẹ yọ ọ́, kí ẹ sá a sóòrùn."
Nọ́ọ̀sì kọjú sí fèrèsé.
"Ó jìn jù, Bàbá," ni dókítà wí.

Fọ́ọ̀mù bi mí léèrè: kí nìdí tí o fi fẹ́ ṣe ìwádìí yìí?
Má kọ ju igba ọ̀rọ̀ lọ.
Mo kọ: Nítorí ìlọsíwájú ìmọ̀. Mo pa á rẹ́.
Mo kọ: Nítorí Bàbá mi.
Ìyẹn kéré, ó sì pọ̀ jù. Mo pa òun náà rẹ́.
Mo kọ ọ́ pé, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án,
ó la kòkó kan lójú mi, ó fi inú rẹ̀ hàn mí:
gbogbo hóró so mọ́ okùn kan láàárín.
Ó ní, "Ìbídùnní, bí hóró bá rà, má bú hóró.
Wá okùn tó ń bọ́ ọ."

Nígbà tí mo délé, Màámi ń fi ẹsẹ̀ da kòkó rú lórí ẹní.
"Ìwé mìíràn? Èyí tí o kà kò tíì kún ilé?
Ọdún mẹ́rin, tí wọn ò sì ní jí Bàbá rẹ."
Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Wọn ò ní jí i."
Ó da ẹní kan tán, ó bọ́ sí èkejì.
Òjò ń ṣú lápá Òkè Ìdànrè, kò wo ibẹ̀.
"Ṣé wọ́n á jẹ́ kí o lo awò yẹn,
èyí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá?"
"Bí kò bá sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn."
"Ó dáa. Bí o bá rí i níbẹ̀," ó ní,
"bá mi bi í: kí ni Bàbá rẹ ṣe fún un?"

Mo kọ ìyẹn náà sí fọ́ọ̀mù.
Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ló ṣẹ́ kù.
Mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.