Ìyẹ̀fun Mẹ́ta

Òjò Dáwẹ̀n kì í dá, ó kàn máa ń sinmi ni.
Aago méje òwúrọ̀, mo tan iná láàbù:
ìgò mẹ́ta lórí tábìlì, ìyẹ̀fun mẹ́ta,
funfun kan náà, ìkúnná kan náà,
bí ìbẹta tí ìyá wọn nìkan mọ ẹni tó kọ́kọ́ ké.
Wọ́n ní kí n yan ọ̀kan kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Omi ló ń gbé ọ̀dà wa rìn,
omi kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń di ògiri mú.
Fi í sílẹ̀ lásán, àwọ̀ á rì sí ìdí garawa,
omi á lé téńté lórí bí àlejò tó gba ibùsùn onílé.
Ó yẹ kí ẹnìkan wà láàárín wọn tí yóò máa wí fún omi pé,
rọra, ìwọ náà, dúró díẹ̀.
Amómiki ni mo sọ ọ́ lórúkọ.
Sẹ́lúlósì ni ìwé pè é: ara igi ni,
ara òwú ni, ìrun wẹ́wẹ́ tó kù lára kóró
lẹ́yìn tí aláṣọ ti mú tirẹ̀ lọ.

Òwú ló kọ́ ìlú yìí.
Ọ̀pá èéfín ilé ìhunṣọ ṣì dúró lókè lọ́hùn-ún, kò rú èéfín mọ́.
Òwú bá ẹnu ọ̀nà jáde,
ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà nínú àpò ìyẹ̀fun,
ẹnikẹ́ni ò kí i káàbọ̀.

Ìgò àkọ́kọ́: okùn inú rẹ̀ gùn.
Ìwọ̀nba ṣíbí kan, ọ̀dà ti ki, owó kò bà jẹ́.
Mo gbé e fún Haslam, tó ti ń kun ilé láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.
Ó yí róólà lẹ́ẹ̀mẹta sí àjà,
okùn gígùn náà fà, ó já, ó ta,
ojú bàbá rí tótòtó bí ẹtù.
Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, kò bú mi.
Ó bá sàn kó bú mi.

Ìgò kejì: okùn kúkúrú. Kò ta sí ẹnikẹ́ni lójú,
ó tẹ́ lára ògiri bí omi inú àmù.
Ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì ló ń jẹ kó tó ki,
Pauline tó ń ṣọ́ owó ti fajú ro,
bẹ́ẹ̀, bí o bá fi aṣọ tútù nu ògiri, ó ń bá ọ lọ.

Mo rántí bàbá mi ní Ìkìrun,
ẹfun àti sítáàṣì gbágùúdá nínú agolo.
Yóò ti igi bọ̀ ọ́, yóò gbé e sókè, yóò wo bó ṣe ń kán.
Kò gbọdọ̀ sáré, á ní, kò sì gbọdọ̀ ya ọ̀lẹ.
Tó bá di ọjọ́ kẹta, sítáàṣì á kan, á ṣàn, ojú á tì í.
Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀dà tí a kó lọ sí ọsibítù Bọ́ọ̀nlì lọ́dún tó kọjá:
wọ́n ṣí i, ó ń rùn, ó ṣàn bí omikan.
Kòkòrò tí ojú ò rí ti jẹ okùn rẹ̀ tán.
Ohun tó ń jẹ igi kò gbàgbé igi
nítorí pé a lọ̀ ọ́ kúnná.

Ìgò kẹta ni mo wá dì mú,
okùn tí kò gùn, tí kò kúrú,
tí wọ́n ti tọ́jú kí ehín kòkòrò má lè wọ̀ ọ́.
Mo wọ́n ọn sínú omi tútù díẹ̀díẹ̀,
ẹni tó bá dà á lẹ́ẹ̀kan, kókó ni yóò kó.
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omi ò dáhùn.
Mo kán amóníà sí i.
Ohùn ẹ̀rọ tó ń pò ó yí padà,
wótowòto tẹ́lẹ̀, ó di hùn-ùn.

Haslam kun àjà. Jígí rẹ̀ mọ́.
"Kò burú," ni gbogbo ohun tó sọ;
lẹ́nu ará Dáwẹ̀n, oríkì nìyẹn.
Ó bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀. Mo ní, òwú.
Ó dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ló fi etí méjèèjì sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ.
Ó na ìka kan, ó fi kan àjà tí kò tí ì gbẹ.
Ó yẹ kí n kùn ún bò.
N ò tí ì kùn ún.