Ìwé Ọjọ́ Orí Àpáta

Inú kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá lo ti gé àwòrán náà:
yanrìn, yanrìn, títí dé ẹsẹ̀ òfurufú,
ọkùnrin kan, obìnrin kan, aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fà mọ́ wọn lọ́wọ́,
kò sí àga, kò sí àtíbàbà, kò sí alága ìdúró tí ń gbowó.
O ní, "Ìbíwùmí, báyìí ni mo fẹ́ kó rí."

A ka owó. A tún un kà ní pálọ̀ mi ní Kábà,
ìwọ pẹ̀lú bírò, èmi pẹ̀lú ọmọ ìka.
Owó ọkọ̀ dé ibi tí yanrìn ti bẹ̀rẹ̀
jẹ́ owó ilé ọdún kan àbọ̀,
a ò sì tíì ra omi.
Mo rẹ́rìn-ín. Ìwọ ò rín in.
O nawọ́ sí fèrèsé, síhà Ògìdì,
níbi tí àwọn àpáta dùbúlẹ̀ bí màlúù tó yó.
A ò lè rí wọn láti ibẹ̀. Àwa méjèèjì rí wọn.
"Ṣé ìyẹn ò gbẹ tó ni?"

Ó gbẹ tó, Tọ́ba. Ní oṣù kìíní
ọyẹ́ á ti já ewé tán lórí igi,
iná ìgbẹ́ á ti jẹ koríko di dúdú,
òkè á wà níhòòhò bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí.
Kì í ṣe aṣálẹ̀. Ṣùgbọ́n ètè á bó,
ohùn á há, a ó sì máa pe orúkọ ara wa
bí ẹni tó ń jẹ gúgúrú.

Mo wá ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wa
(AA fún mi, AS fún ọ, a dúpẹ́):
omi ọ̀rá ogún, nítorí o máa ń mumi bí ẹṣin;
òrí, fún ètè;
ẹni méjì tí òfin ní kó fọwọ́ sí i:
Ṣíkẹ̀mí tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù,
àti ọlọ́kadà èyíkéyìí tó bá jẹ́ "Ọkun o" wa dáadáa.
Ìwé ìjọba, ká gbà á kó tó di ọjọ́ Ẹtì,
torí kájú ti ń tanná, akọ̀wé á ti wà lóko.
Aṣọ funfun kọ́. Èyí tí ìyá ìyá mi hun
lórí òfì tó fẹ̀yìn ti ògiri yàrá rẹ̀;
ó ṣì ń rùn aró, ó sì wúwo bí ọmọ tó sùn.

Ohun tí mi ò kọ: bàbá rẹ àti bàbá mi,
tí igi kájú mẹ́ta ní ààlà oko ti sọ di àjèjì
láti ìgbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù tú.
Ohun tí mi ò kọ: irínwó ènìyàn
tí wọ́n á bi mí léèrè ìrẹsì wọn.
Wọ́n á ní ọmọ kì í fa ara rẹ̀ fọ́kọ.
Mo mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Tọ́ba.
Kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lálẹ́ àná mo lọ jẹun nílé,
ìwé náà já bọ́ láti inú báàgì mi.
Ìyá mi gbé awò ojú wọ̀, ó kà á
láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà síbi òrí.
Mo dúró bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran.
Ó ní, "Omi ń sun ní ìhà ìlà-oòrùn,
àní nínú ọyẹ́. Ó ń yọ̀.
Ẹ gba ẹ̀yìn, níbi igi oṣè.
Ẹ bọ́ bàtà."

Mo ní, "Mọ́mì, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ó ti ń bu ọbẹ̀.
Ó ní bàbá mi ò tíì jẹun.