Gbèsè Inú Egungun

Ní Òkò Bàbá, níbi tí ayùn ti ń ké láti ìdájí,
tí ìyẹ̀ pákó ń fò lórí ọ̀sà bí kùrukùru,
ìyá mi so ewúrẹ́ kan mọ́ gẹdú tí wọn ò tíì là.
Dúdúyẹmí lorúkọ rẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni oyún àkọ́kọ́ bá a.
Kí ló jẹ? Ẹ bi mí, ojú mi ló ṣe:
páálí bisikíìtì,
ọ̀rá búrẹ́dì,
èèpo iṣu tó ti gbẹ kangbẹ,
ìwé ìròyìn ọjọ́ Ẹtì kan, tòun ti àwọn olóṣèlú inú rẹ̀.
Ikùn rẹ̀ ga. A ní ó yó.
Àṣé ọ̀rá ló kún ibẹ̀ bí irọ́.

Oṣù márùn-ún ni ewúrẹ́ ń lò.
Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ inú kò ju ìka lọ,
ó kàn ń fi okùn wọn ilẹ̀ ni:
ibi tí ọkàn yóò wà nìyí, ibi tí ẹ̀dọ̀ yóò wà nìyẹn.
Ìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà
ló tó ń béèrè búlọ́ọ̀kù, ló ń béèrè irin.
Bí kò sì sí irin nílé, kì í dúró de ọjà;
inú egungun ìyá rẹ̀ ló ń wọ̀ lọ yá.

Méjì ló bí.
Ọ̀kan ò lè nàró dé ìdí ọmú.
Omi ọmú ọ̀hún gan-an, èyí tó yẹ kó pọ́n kó ki,
kò kún ìdérí ìgò.
Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, ó ti lọ.
Èkejì là ń pè ní Tíńtín.
Tíńtín yè, ṣùgbọ́n kò ga dé orúnkún mi rí.

Ẹ gbọ́ ibi tó ti yà mí lẹ́nu.
Òjò dé, ewé pọ̀, Tíńtín lóyún, ó jẹun, ó yó,
síbẹ̀ ọmọ ebi ló bí.
Mo bi Dókítà Adéṣèyé tó wá gún wọn lábẹ́rẹ́.
Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó ní:
“Ìgbà tí Tíńtín wà nínú ìyá rẹ̀
ni wọ́n ń kọ́ yàrá tí òun náà yóò gbé ọmọ sí.
Pákó wọn ò pé.”

Nígbà tí Dúdúyẹmí tún gboyún, èmi ni mo gbé abọ́.
Èèpo ẹ̀wà lọ́dọ̀ alákàrà,
èèrí ògì, ewé ìyeyè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
àgúnmánìyè tó ti rọ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì,
egungun ẹja Mákòókò tí mo gún kúnná.
Díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́:
ọmọ ti gba yàrá, àpòlúkù ò ráyè mọ́.
Mi ò sì bọ́ ọ ní àbọ́jù;
ọmọ tó bá sanra jù, ẹnu ọ̀nà ni í há sí.
Àwọn alágbàrù ń fi mí rẹ́rìn-ín:
“Ìyàwó ewúrẹ́, ẹ bu tiwa wá!”

Òru tí ayùn dákẹ́ ló bí wọn sórí ìyẹ̀ pákó.
Mẹ́ta.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ń kan ara wọn lórí.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó sọ̀rọ̀ láìbojú wo ẹ̀yìn:
“Oyún tìẹ, gààrí ni. Gààrí àti omi.
Ti àbúrò rẹ, bàbá yín ti ríṣẹ́.”
Àbúrò mi ń tẹríba kó tó wọlé.
Èmi, àpótí ni mo ń gùn kí n tó gbé ìkòkò.

Ọ̀kan nínú wọn ta gìrì, ó ṣubú, ó dìde.
Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín,
mo sì rí àlàfo eyín méjì
tó ká lọ́dún tó lóyún mi.
Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wo àlàfo yẹn.
N kò mọ̀ pé èmi ni mo yá wọn.