Ìdí Ọkọ̀

Yìnyín ṣì ń yọ́ lórí páànù ṣọ́ọ̀bù mi ní Toledo
nígbà tí Verna Pruszynski wọ́ Nófà ọkọ rẹ̀ wọlé,
ti ọdún 1968, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.
Ẹ́ńjìnnì ti ṣe tán. Ẹ̀yìn nìkan ló kù.
Ó ní, "Ìdí ló gbé mi dé."
Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìdí lẹ́nu opó,
n kò tíì gbọ́ èyí tó ní táyà.

Corbin, ọmọ iṣẹ́ mi, ti ṣí ìwé ọjà sílẹ̀:
apá irin mẹ́rin, sípíríǹgì kíká méjì tó ń dán bí òrùka ìyàwó.
"Ọkọ̀ á di ilẹ̀ mú bí eégbọn lára ajá."
Owó rẹ̀ ńkọ́? Ká gé ilẹ̀ ọkọ̀, ká jó irin mọ́ irin,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là kí a tó ra nọ́ọ̀tì kan.
Ọ̀nà mìíràn wà, ọ̀pá gígùn méjì bí àkàbà,
ti àwọn tó ń sáré ìdá mẹ́rin máìlì lọ́jọ́ Sátidé,
tí wọn kì í yà sọ́tùn-ún, tí wọn kì í yà sósì.
Verna ní, "Ìgbà mẹ́fà ni mò ń yà
kí n tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín mi."

Ó ku èyí tó bá ọkọ̀ wáyé: ewé.
Ewé irin, ọ̀kan gùn ju ọ̀kan lọ, wọ́n sùn lé ara wọn
bí àwọn ọmọ lórí ẹní kan ṣoṣo.
Kì í rọ, kì í wọ́. Ìpẹtà nìkan ni kòkòrò rẹ̀.
Corbin yínmú: "Bí ẹ bá tẹná mọ́ ọn,
ewé á lọ́, ìdí ọkọ̀ á máa fò bí àkèré."
Kò purọ́.

Mo fi jáàkì gbé e. Mo rá sábẹ́.
Mo ka ewé apá ọ̀tún: mẹ́rin.
Mo ka ti òsì: márùn-ún.
Mo tún un kà, torí mo ti ń darúgbó.
Ẹ̀karùn-ún kì í ṣe ti iléeṣẹ́. Ẹnìkan fi ayùn gé e,
ó fi fáìlì rin etí rẹ̀ kó má bàa múni lọ́wọ́,
ó sì fi ọ̀dà kùn ún,
àwọ̀ òféfèé, irú ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

Verna bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín.
"Casimir sanra," ó ní. "Tó bá jókòó síbi ìtọ́kọ̀,
gbogbo ìjókòó á tẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀.
Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, pé mò ń yọ̀ lọ bá a
bí ọṣẹ nínú abọ́.
N kò mọ̀ pé ó gbọ́."

Ewé tó pẹ́ lára ọṣẹ, a ní ó dọṣẹ.
Èyí pẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ títí ó fi di ọkọ.

Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í sílẹ̀, obìnrin fífúyẹ́ yìí
á máa wa ọkọ̀ tí òsì rẹ̀ ga ju ọ̀tún lọ,
bí ẹni tó gbé èjìká kan sókè níwájú adájọ́.
Mo sọ fún un. Kò dáhùn.
Ó ń fi ìka rú nọ́ọ̀tì inú agolo mi.
Corbin ti pa ìwé ọjà dé.

"Mẹ́rin-mẹ́rin," ó ní nígbà tó yá.
"Ewé tuntun, rọ́bà tuntun, ṣọ́ọ̀kù tó dára.
Kó máa fò díẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe
tí kò ní sọ fún mi pé mo ti kọjá lórí ojú irin?"
Ẹ̀karùn-ún ńkọ́?
Ó fi ìwé ìròyìn wé e bí ẹja, ó gbé e há abíyá.

Mo gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lóṣù Keje.
Nófà dúró, òsì àti ọ̀tún dọ́gba.
Ilẹ̀kùn gáréèjì ṣí sílẹ̀ gbayawu,
ewé irin aláwọ̀ òféfèé ló fi tì í
kí afẹ́fẹ́ má bàa gbá a dé.
Mo bi í pé ìdí ńkọ́.
Ó ní ó ṣì ń fò lórí ojú irin Òpópónà Lagrange,
ẹ̀ẹ̀kan péré,
lẹ́yìn náà ó máa ń dákẹ́.