Òwú Tí A Fi Wọn Ibojì

Òtútù ti wọ Dúlúùtù kí oṣù Élúlì tó parí.
Ẹ̀fúùfù adágún ń fi eyín ha etí aṣọ wa.
Àwa mẹ́rìnlá dúró lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú àwọn Júù
pẹ̀lú ìdì òwú funfun kan.

Breindel ló kó wa jọ.
Ó ní ìyá ìyá òun máa ń ṣe é
ní ìlú kan tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta,
tí kò sì ku Júù kan níbẹ̀ tí yóò pè é ní ti àkọ́kọ́.
Àwọn obìnrin a fi òwú yí itẹ́ òkú ká,
wọn a wọn àwọn òkú bí aránṣọ ti ń wọn ènìyàn fún ẹ̀wù,
wọn a wá fi òwú náà ṣe àbẹ́là fún Ọjọ́ Ètùtù.

“Wíwọ̀n yẹn, fún kí ni?”
Anshel ló bèèrè, ẹni tó fi ogójì ọdún tún páìpù omi ṣe,
tí kì í gba ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn gbọ́.
Breindel ní òun kò mọ̀.

Èmi kò bá ti àdúrà wá.
Ìyá mi kú lóṣù kẹta,
ilẹ̀ le débi pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ.
Mo rí i kà lára ògiri pé ọbẹ̀ gbígbóná yóò wà.

Wọ́n fi orí òwú lé mi lọ́wọ́, mo dúró bí èèkàn.
Okùn kì í gùn títí kó má ní ibi tí a ti fà á wá:
lọ́jọ́ náà, èmi ni ibi tí a ti fà á wá.
Òwú ń tú. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń ka orúkọ lára òkúta,
Fishl agérun, Hinde àti ọmọ Hinde,
ẹnì kan tí òjò ti jẹ orúkọ rẹ̀ tán.

Ní igun ìlà oòrùn, wọ́n dúró.
Ibojì kan wà lẹ́yìn ọgbà irin, òun nìkan:
Gutke, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.
Wọ́n ní ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú adágún,
àwọn àgbà ìgbà náà sì sin ín síta.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Òwú rọ̀ lọ́wọ́ mi.
Anshel ló gba ìdì òwú,
ó gun ọgbà irin, orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́,
ó fa òwú yí ọmọ náà ká, ó padà wá, ó ń mí hẹlẹ.
“Bí páìpù bá fo ilé kan,” ó ní,
“omi ò ní débẹ̀.”

Nínú yàrá abẹ́ sínágọ́gù, ìda ń yọ́, ó ń rùn bí oyin.
A gé òwú, a lọ́ ọ, a rì í,
bí a bá ti ń lọ́ ọ la ń dárúkọ.
Nígbà tó kàn mí, orúkọ ìyá mi há sí mi lọ́fun.
Mo ní: fún ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń so okùn bàtà.
Wọ́n ní ó tó.
Àbẹ́là mi wọ́ bí ìka arúgbó.

Hodaya, ọmọ ọdún méje, tí ìda ti gbẹ sí lírun,
bèèrè bóyá àwọn òkú mọ ohun tí à ń ṣe.
Breindel ní àwọn àgbà máa ń sọ pé
lóru, àwọn òkú a máa wá gbàdúrà nínú sínágọ́gù.
Ìdí nìyẹn tí olùtọ́jú rẹ̀ fi ń kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀,
kí wọ́n lè palẹ̀ mọ́.
Anshel rẹ́rìn-ín sínú ọbẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ mú ìbọ̀wọ́ tí mo gbàgbé.
Anshel ti débẹ̀ ṣáájú mi, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Kò tíì rí mi.
Ó kan ilẹ̀kùn, ó tún kàn án, ó tún kàn án,
ó bọ́ fìlà,
ó dúró nínú òtútù pẹ́ díẹ̀
kó tó ṣílẹ̀kùn.